Ọjọ́ tí Epo Dà Nínú Kọ́rópe Iléṣà

Julianah Ọdúntán kì í bá èèyàn jiyàn. Ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Àbẹ̀rẹ̀, níbi tí sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti gbé ọ̀rọ̀ ìjọba kalẹ̀, ńṣe ló máa dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ mu omi, kò sì ní padà títí wọ́n á fi sọ ọ́ tán. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá náà ní Òṣogbo, ó sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu dé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dákẹ́ tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, kò sọ nǹkan kan. Ó ká yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó kó o sínú àpótí, ó jókòó sílé.

Julianah náà dàgbà, ó rí iṣẹ́ ìjọba, ó fẹ́ ọkọ, ó bímọ. Ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ọmọ sì ti lọ síbi iṣẹ́ wọn, ó wá ku òun nìkan nínú ilé tí wọ́n jọ kọ́ ní Dàda Estate. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí olóògbé náà fi sílẹ̀ wà níwájú ilé, ó ti fi tapólì bò ó mọ́lẹ̀. Látìgbà tí epo bẹntiróò ti wọ́n gógó, kò gbé e jáde mọ́. Ọkọ̀ èrò ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyọnu rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí pé kò sí ọkọ̀ èrò kankan tí wọn kì í ti í jiyàn nípa epo. Ta ló fà á? Ta ló yẹ ká dá lẹ́bi? Bó ṣe wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ni wọ́n á ti wà lẹ́nu ẹ̀, bó ṣe ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, àwọn mìíràn á tún ti gbà á. Ó máa ń kọjú sí fèrèsé. Bí ohùn bá ti ń lọ sókè, á máa ka àwọn ilé tí wọ́n ń kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, Micah àbúrò rẹ̀ pè é láti Ìwàrà, nítòsí Iléṣà, pé ẹsẹ̀ ìyá àwọn ti wú, pé ìyá ò lè dìde. Julianah gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì gba gáréèjì lọ láti wọ ọkọ̀ Iléṣà. Kò tilẹ̀ rántí yọ káàdì iṣẹ́ kúrò lọ́rùn.

Kọ́rópe kan, bọ́ọ̀sì kékeré, ló ń kó èrò. Ó bọ́ sórí àga tó wà lẹ́yìn dírẹ́bà gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Obìnrin kan tó fi híjáàbù aláwọ̀ ewé borí ló jókòó tì í, ó ki báàgì ńlá kan bọ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ìró bò ó. Ó kí Julianah dáadáa, ó ní Nọ́síràtù lorúkọ òun, pé ata lòun ń lọ̀ fún àwọn èèyàn ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà. Ọkùnrin wẹ́dà kan, Lùkúmọ̀n, tí iná ìjórin ti jó apá ẹ̀ wínniwínni, ló gba ẹnu ilẹ̀kùn. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amos dírẹ́bà. Nehemiah lorúkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Àwọn obìnrin méjì wà lẹ́yìn pátápátá, ọ̀kan nínú wọn gbé ọmọ ọwọ́ dání.

Wọn ò tíì kúrò nígboro Òṣogbo tí Amos fi pòṣé níwájú ilé epo kan. Iye tó wà lára pátákó wọn tún ti lé sí i.

“Ẹ ò rí i,” ni Bàbá Nehemiah wí. “Àwọn tó ń kó epo pamọ́ ló ń ṣe wá báyìí. Epo wà nílẹ̀ wọn. Wọ́n ń dúró kó wọ́n sí i ni.”

Lùkúmọ̀n rẹ́rìn-ín tí kò dénú. “Bàbá, ẹ má bínú o. Ta ló yọ owó ìrànwọ́ orí epo? Ṣé onílé epo ni? Àbújá ni! Àwọn tẹ́ ẹ̀yin dìbò fún ni.”

“Ta ló sọ fún ọ pé mo dìbò fún wọn?”

“Ó hàn lójú yín.”

Amos náà dá sí i. “Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì débi tọ́rọ̀ wà. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó yẹn, ìpín tí Àbújá ń fún àwọn gómìnà ti di ìlọ́po méjì. Níbo ló ń gbà lọ? Àwọn gómìnà àtàwọn èèyàn wọn ń pín in láàárín ara wọn ni.”

“Ìyẹn náà ò yọ Àbújá kúrò nínú ẹ̀bi,” ni Lùkúmọ̀n fèsì. Ó na ọrùn kọjá Nọ́síràtù, ó wo Julianah. “Màmá, mo rí káàdì Àbẹ̀rẹ̀ lọ́rùn yín. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn. Ẹ la ọ̀rọ̀ yìí fún wa. Ta ló fà á?”

Gbogbo wọn kọjú sí i. Julianah rí ojú Amos nínú dígí, ojú náà ń wò ó.

“Mi ò mọ̀ o, ọmọ mi. Ìyá mi ni mo ń lọ wò.”

“Wọ́n ti fún Màmá lówó ìdákẹ́!” ni Lùkúmọ̀n wí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Julianah yọ káàdì náà, ó sọ ọ́ sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ti jáde sẹ́yìn ìlú, igbó ti wà lọ́tùn-ún lósì, iyàn náà sì ti di ariwo. Bàbá Nehemiah pe Lùkúmọ̀n ní aláìmọ̀kan. Lùkúmọ̀n fò dìde láàbọ̀ ìdúró, ó na ìka sí bàbá náà léjìká. Bó ṣe ń na ara síwájú ni bàtà rẹ̀ gbá báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ Nọ́síràtù. Báàgì náà dojú dé.

Òórùn ni Julianah kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni nǹkan tútù wọ inú bàtà rẹ̀.

Ó mọ òórùn náà. Ọmọdé ni lọ́dún 1983, ó wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní abúlé oko kan, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìbò dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ máa ń jẹun nínú abọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, àwọn kan gbé gálọ́ọ̀nù epo wá sílé ọ̀kan nínú wọn. Ìyá àgbà fi aṣọ bo ojú rẹ̀ kó má bàa rí nǹkan kan, àmọ́ kò ráyè bo imú rẹ̀. Òórùn yìí ló kọ́kọ́ dé, kí ariwo tó sọ, kí òrùlé ọkùnrin náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà pàrà. Ọkùnrin náà rọ́nà sá. Ìyàwó rẹ̀ ò rọ́nà.

Julianah wo ilẹ̀ ọkọ̀. Epo náà ti ń ṣàn lọ sábẹ́ àga dírẹ́bà, àmọ́ iyàn ò jẹ́ kí àwọn yòókù fura. Nọ́síràtù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fa kẹ́ẹ̀gì tó wà nínú báàgì dìde, omi ti kún ojú rẹ̀. Ó di ọwọ́ Julianah mú, ó rọra sọ sí i létí pé:

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má sọ ọ́. Wọ́n á já mi sílẹ̀ sínú igbó. Wallahi, ẹ̀rọ ata mi ni mo rà á fún. Ó ti kù díẹ̀ ká débẹ̀.”

Julianah dákẹ́. Ó dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́ nígbà gbogbo. Ó ń wo ẹnu àwọn ọkùnrin náà tó ń ṣí tó ń pa dé, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí mọ́. Ó ń gbọ́ ọmọ ọwọ́ tó ń sín lẹ́yìn, ó sín, ó tún sín. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé fèrèsé ṣí sílẹ̀, pé atẹ́gùn á gbé òórùn náà lọ, pé Iléṣà ò jìnnà mọ́.

Ìgbà yẹn ni Amos fi sìgá kan sẹ́nu. Ó fi ọwọ́ kan di sítíárì mú, ó fi èkejì wá ìṣáná níwájú rẹ̀. Ó rí i. Ó gbé páálí ìṣáná náà lé orí sítíárì, ó sì yọ igi kan jáde.

Julianah ké: “Ẹ má ṣáná!” Ariwo tí Lùkúmọ̀n ń pa bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó ṣe ju ara rẹ̀ síwájú nìyẹn, ó na ọwọ́ kọjá èjìká dírẹ́bà, ó já ìṣáná gbà, páálí àti igi pọ̀, ó fún un mọ́wọ́.

“Kí lẹ ń ṣe? Ṣé orí yín ò pé ni?” ni Amos jágbe. Ọkọ̀ ya lọ sí apá òsì, ó ya padà, ó bọ́ sórí koríko ẹ̀gbẹ́ títì, ó dúró.

“Epo!” ni Julianah ń ké. “Epo ti dà sílẹ̀! Gbogbo wa la jókòó lé e!”

Kò sẹ́ni tó rántí bó ṣe jáde nínú ọkọ̀ náà. Ìyá ọlọ́mọ gba ojú fèrèsé na ọmọ rẹ̀ síta kí òun fúnra rẹ̀ tó jáde. Nígbà tí gbogbo wọn wá rí i pé àwọn ò jóná, ìbẹ̀rù di ìbínú, wọ́n sì yí Nọ́síràtù ká. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ tó gbé jáde.

“Ẹ forí jì mí nítorí Ọlọ́run. Ní abúlé wa, wọ́n ń tà á lọ́wọ́n ju ti Òṣogbo lọ.”

“Ẹ wò ó!” Bàbá Nehemiah ń na ìka sí i. “Mo ti sọ fún yín! Àwọn tó ń kó epo pamọ́ nìyí!”

“Obìnrin tó ń lọ ata?” Lùkúmọ̀n ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. “Ẹ ò rí ẹni tẹ́ ẹ máa dá lẹ́bi mọ́, aláta ni?” Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà sókè, epo ṣì kù nínú rẹ̀. “Ẹ jẹ́ n fi wẹ̀ yín, bóyá ẹ ó mọ ẹni tó fà á!”

Bàbá náà di kẹ́ẹ̀gì mú. Wọ́n ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, epo ń ta jáde, ó ń rin dàńṣíkí bàbá, ó ń rin àyà Lùkúmọ̀n. Ọ̀kadà kan ń bọ̀ lókèèrè, páìpù èéfín ìdí rẹ̀ ń ta pàù pàù. Julianah dúró síbẹ̀. Ó wá rántí pé ìṣáná náà ṣì wà lọ́wọ́ òun.

Kò mọ ibi tó máa jù ú sí. Bó bá jù ú sílẹ̀, ẹnì kan lè mú un. Bó bá fi í sápò, epo wà lára aṣọ rẹ̀. Ó sá. Ó sá wọ oko kòkó tó wà létí ọ̀nà, bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò dúró mú un. Ó bá omi ẹrẹ̀ kan pàdé, ó kúnlẹ̀, ó ki ìṣáná náà bọlẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Ìgbà náà ni igbe ńlá ta lójú títì. Julianah dojú bolẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó ń dúró de iná.

Iná ò jó. Ẹnì kan ń sunkún ni. Ó rọra yọjú láàárín àwọn ewé kòkó, ó rí Lùkúmọ̀n nílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú.

“Ojú mi! Epo ti wọ̀ mí lójú! Mi ò ríran! Ẹ gbà mí, mi ò ríran!”

Bàbá Nehemiah ló kúnlẹ̀ tì í, aṣọ ẹ̀ rin gbindin. “Omi! Ẹ wá omi!” Ẹni tó gun ọ̀kadà ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lókèèrè nígbà tó gbọ́ òórùn, òun ló sáré gbé omi inú ọ̀rá wá. Bàbá náà ń fi eyín já a, ó ń dà á sójú Lùkúmọ̀n, ó ń sọ pé, “La ojú, ọmọ mi. Gbìyànjú, la ojú.” Lùkúmọ̀n di ẹsẹ̀ bàbá náà mú, kò fẹ́ kó lọ síbì kankan.

Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ Àbújá. Nígbà tó yá, ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Iléṣà gbé bàbá náà àti Lùkúmọ̀n, wọ́n mórí lé ọsibítù. Amos ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó jìnnà sí i, ó gbé orí lé orúnkún. Julianah padà sọ́dọ̀ Nọ́síràtù, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

“Ṣé ẹ máa pe ọlọ́pàá sí mi ni, Màmá?”

“Rárá.” Ó jókòó tì í. “Ọmọ ọwọ́ yẹn ń sín, mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́.” Kò mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún gan-an.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kó tó dé Ìwàrà. Ìyá rẹ̀ ń mí dáadáa, nọ́ọ̀sì kan ti wá wò ó, ó ti fún un lóògùn. Julianah wẹ̀, ó tún wẹ̀. Nígbà tí Micah fẹ́ ṣáná sí àdògán láti se oúnjẹ alẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ jáde síta. Lọ́jọ́ kejì, Nọ́síràtù, tó ti gba nọ́ńbà rẹ̀ létí ọ̀nà, pè é. Ó ti wádìí lọ sí ọsibítù. Lùkúmọ̀n ti ń fi ojú kan ríran, àwọn dókítà ní kí wọ́n máa retí kí èkejì là.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Julianah wà ní gáréèjì Iléṣà, ó fẹ́ padà síbi iṣẹ́. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ kan kún kó lọ, ó jẹ́ kí òmíràn náà lọ. Níkẹyìn, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó wo ọkùnrin kan tó gbé àpò lé ẹsẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú àpò yín?”

“Ṣé ọlọ́pàá ni yín ni?”

“Èmi kì í ṣe ọlọ́pàá. Mi ò lè wọlé láìjẹ́ pé mo rí i.” Àwọn èrò ń wò ó, kò sì kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin náà kùn, ó sì tú àpò náà. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Julianah dúpẹ́, ó wọlé. Ọkọ̀ náà ò tíì kúrò nínú Iléṣà tí ẹnì kan fi ní epo tún ti lé sí i, tí ẹlòmíràn sì bi í pé ta ló fà á. Julianah di irin àga iwájú mú, ó gbé imú sókè, ó ń gbọ́ òórùn afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ náà títí wọ́n fi dé Òṣogbo.