Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Wọn Ò Yẹ̀ Wò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aránṣọ ni. Òun ló rán gbogbo aṣọ tí mo wọ̀ dàgbà.

Ara yíyún ló fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí téèyàn ń họ tó ń lọ o. Ó ń yún un látàtẹ́lẹwọ́ dé àtẹ́lẹsẹ̀, débi pé ó ń ki rúlà onígi tó fi ń wọn aṣọ bọ ẹ̀yìn, á wá máa rẹ́rìn-ín pé, "Àbúrò, wá wò ó, ara mi ni mò ń wọ̀n lónìí."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹyinjú ẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. A gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá àdúgbò wa. Dókítà ò tíì fọwọ́ kàn án tó fi ní, "Màmá, ẹ jáwọ́ nínú ọtí, òun ló ń ba ẹ̀dọ̀ yín jẹ́."

"Ọtí kẹ̀? Dókítà, òórùn ẹ̀ lásán ń kó mi nírìíra."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní bí gbogbo wọn ṣe máa ń wí nìyẹn. Ó fún un ní oògùn ara yíyún, ó ní kó máa lọ. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó padà lọ, títí tí kò fi lè dìde mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń dùn mí gan-an. Ìyàwó ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn yẹn, oníbàárà ẹ̀gbọ́n mi ni. Ara ń yún òun náà, ẹyinjú tiẹ̀ náà sì pọ́n. Àwọn méjèèjì jọ ń họra ní ṣọ́ọ̀bù ni, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ bi ìyàwó ọ̀gá léèrè ọtí? Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fà lápá ẹ̀. Àyẹ̀wò kìíní fi hàn pé òróòro ò ṣàn jáde dáadáa nínú ẹ̀dọ̀ ẹ̀, òun ló ń mú ara yún un. Ìkejì sọ ohun tó fà á: àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa dáàbò bo ara ló kọjú ìjà sí i, tí wọ́n ń ba àwọn ọ̀nà tín-ín-rín tí òróòro ń gbà jẹ́. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń lò lójoojúmọ́. Ó ń lò ó, ó ń bẹ láyé.

Ó wá síbi ìsìnkú. Ẹyinjú ẹ̀ ti funfun padà, awọ ara ẹ̀ ń dán. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ lásán mà ni wọ́n yẹ̀ wò fún mi o."

Ṣé kí n parọ́ fún yín ni? Mo jowú ẹ̀. Mo jowú oògùn inú báàgì ẹ̀. Mo jowú ọkọ tó fẹ́. Mo jowú àwọn ọmọ ẹ̀ tó ṣì ń rí ẹni pè ní màmá. Mo mọ̀ pé òun kọ́ ló ṣẹ̀ mí, síbẹ̀ mi ò lè yọ owú yẹn lọ́kàn.

Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ìwòsàn, inú ilé kan náà mà ni ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ọ̀gá yín wò wà! Ṣé ẹ̀jẹ̀ aránṣọ ò pupa tó ni? Àbí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ ọ̀gá yín kí abẹ́rẹ́ yín tó lè rí iṣan? Ta ló wo ẹ̀gbọ́n mi lójú tó pinnu pé ọ̀mùtí ni? Ẹ dárúkọ ẹ̀. Kó wá ṣàlàyé ara ẹ̀ níwájú wa.

Ẹ tètè ṣe é o, torí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í họ apá. Lọ́jọ́ Ajé, èmi gan-an ni màá mú un wá. Kí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga dókítà lọ́jọ́ náà fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kó tó lanu.