Àyè Àwọn Elégbè

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Kùdírátù. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Bí òṣùpá bá yọ, òun ni wọ́n máa ń tì síwájú kó dá orin àlọ́, torí ohùn rẹ̀ dùn. Ọkọ ló gbé e wá sí Bàrígà. Ó ta èédú títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku òun nìkan.

Fareedah, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé l'Akọkà, ló ní kó kọ orin kan fóun. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n mú ewì ilé wá, kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe tò ó àti bó ṣe ń ṣe ọkàn ẹni. Màmá kọ ọ́, fóònù Fareedah ń gbà á sílẹ̀:

Ọmọ mi re odò o,
Odò ò dá a padà o.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà bá a ní kọ́rídọ̀. “Màmá, ẹ wá gbọ́ ara yín. Ẹ ń gbàgbé ọ̀rọ̀, ẹ ń dákẹ́, ni mo bá gé gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti dákẹ́ kúrò. Ó ti wá ń lọ geere.”

Ó tẹ fóònù, orin náà ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ojú Màmá yí padà.

“Ta ló gbàgbé? Ìwọ tó o gbàgbé ìkòkò lórí iná lánàá!”

“Ẹ má bínú, Màmá wa.” Ẹ̀rín ń pa Fareedah. “Kí lẹ wá ń dákẹ́ fún?”

“Mò ń dúró dè wọ́n ni. Ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń gbè é. Ọlápọ̀sí ló ń ṣíwájú wọn. O ti gé wọn dànù.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọmọ. “Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún olùkọ́ wa pé orin ìjà ni. Ó ń yára jù.”

“Orin ìjà kẹ̀! Ìyá tó ń retí ọmọ ni.”

“Kí ni wọ́n máa ń sọ?”

“Ẹ bá wa pè é wálé.”

Fareedah tún tan fóònù, ó gbé e sórí àpótí. Màmá dá a látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà gbè é pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín, ó ń ṣọ́ ẹnu Màmá bí ẹni tó fẹ́ sọdá gọ́tà:

Ẹ bá wa pè é wálé.

Ó gbè é dáadáa. Ó ń wo Màmá pé kó máa bá a lọ, àmọ́ Màmá ti di ojú, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fóònù ń gba ìdákẹ́jẹ́ náà sílẹ̀. Fareedah ò fọwọ́ kàn án.

Màmá ń dúró de àwọn yòókù.