Mọ́tò Mi Ni, Èmi Ni Kẹ́ ẹ Bi

Èmi ni mo ni mọ́tò, Túndé àfẹ́sọ́nà mi ni ọ̀gá mẹkáníìkì ń bá sọ̀rọ̀!

Ní Amúwo lọ́sàn-án yìí ni o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tọ́bò tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára sí mọ́tò mi, ó wá ku kí wọ́n tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sẹ́ẹ̀tì kó lè bá a mu.

Ọ̀gá kọjú sí Túndé: "Bọ̀dá, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan, mọ́tò á máa fò ni. Ìkejì ò le tó bẹ́ẹ̀. Èwo ni ká ṣe?"

Túndé tí ò mọ ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí!

Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ bi í."

Mo ní, "Ọ̀gá, èyí tó ń fò yẹn, ṣé epo tí à ń rà ní Festac níbí ló máa gbé e, àbí ti ìlú òyìnbó? Epo wa ò dáa tó o, tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ́ńjìnnì mi á nọ́ọ̀kì. Ìkejì ni kẹ́ ẹ ṣe."

Ọ̀gá ṣe ìkejì. A gbé e jáde, mo tẹná, mọ́tò gbéra ṣàà!

Nígbà tá a padà dé, bàbá kan ti ń dúró, òun náà ń béèrè èwo ló dáa jù fún mọ́tò tiẹ̀ nínú ọ̀nà méjèèjì.

Ọ̀gá nawọ́ sí mi: "Ẹ bi Àǹtí yìí, sà."

Orí mi ṣì ń wú!

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò, ta ni mẹkáníìkì tiyín máa ń bá sọ̀rọ̀? Túndé, ìwọ má dáhùn.