Ọkùnrin Tó Ń Sọ Bí Òkun Yóò Ṣe Rí ní Ayédé

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo ń gbé ní Ayédé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Ọkọ rẹ̀ ti fi ọdún méjìlá ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó kó tó padà wálé wá dáko kòkó. Òkun kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bó bá ti gbọ́ rédíò tán, yóò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì sọ bí ìgbì yóò ṣe rí l'Ékòó ní ọ̀sẹ̀ náà. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó rí òkun rí. Síbẹ̀, à ń jókòó gbọ́ ọ.

Nígbà tí àwa obìnrin ìjọ fẹ́ lọ ṣèpàdé l'Ékòó, a ní a ó lọ wo òkun. Ó ní ká lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ká má lọ ní Ọjọ́bọ̀, torí rédíò ti ní ìjì ńlá ń jà lójú agbami. Ìyá tó jẹ́ olórí wa béèrè ohun tó kan wá nínú ìjì ọ̀nà jíjìn. Ọkùnrin náà bu omi sínú bàsíà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú, ó sì dákẹ́. Omi náà ń lọ, ó kọlu ẹ̀gbẹ́ kejì, ó dà sára ìró ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ ò rí i? Mo ti dákẹ́, omi ò dákẹ́. Ìjì lè ti lọ, ìgbì rẹ̀ á ṣì máa rìn bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún.”

Ó wá tò wá sí àgbàlá. Ó ní bí ìyàwó òun bá ti rí ìgbì ńlá tó ń bọ̀ tó sì pàtẹ́wọ́, ká ká ìró sókè, ká máa fi ẹ̀yìn rìn, kí ojú wa má kúrò lára omi. Katikíìsì ń kọjá lọ, ó dúró wò wá, ó kí wa, kò sì béèrè nǹkan kan. Olórí wa nìkan ni kò bá wa ṣe é.

Ìpàdé kò tètè parí, Ọjọ́bọ̀ ni a dé etí òkun. Oòrùn ràn, afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́. Olórí wa rìn lọ bá omi, ó ní odò tí òun ti ń fọṣọ nílé jù ú lọ. Bí àbúrò ìyá mi ṣe rí i tí omi ń ga bọ̀, ó pàtẹ́wọ́. Àwa mọ́kànlá ká ìró, a fi ẹ̀yìn rìn lórí ìlà kan, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ta àgbọn dìde dúró wò wá. Ìgbì àkọ́kọ́ gba bàtà kan lẹ́sẹ̀ olórí wa. Èkejì gbé e padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, ẹ̀kẹta sì gbé òun fúnra rẹ̀ jókòó.

Nígbà tí a délé, olórí wa fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún bàbá, ọkọ àbúrò ìyá mi, pé, “Ẹ̀yin lẹ jàre.” Inú bàbá dùn débi pé ó fún un níṣu.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn àgbẹ̀ ti ń béèrè ìgbà tí òjò yóò rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa òjò. Wọ́n rò pé ó ń fi pamọ́ ni. Nígbà tó sá kòkó tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo àdúgbò sáré sá tiwọn. Kó tó di ọ̀sán, òjò ti pa gbogbo rẹ̀. Bàbá dúró nínú àgbàrá, ó ń kó kòkó sínú agbọ̀n, ó ń sọ fún wọn pé òun kúkú ti sọ.