Okùn Mẹ́ta Tó Ń Darí Orin Nílé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, orin kì í kúrò níbi tí wọ́n bá fi í sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àwo nílé wa ní Bẹ́yẹrúnká, àfi kó dìde lọ sí pálọ̀, kó jókòó síwájú rédíógíráàmù Bàbá mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò lè gbàgbé ẹ̀rọ náà: àpótí igi gbọọrọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tó ń dán bí iwájú orí ọ̀gá ilé ìwé wa. Tíṣà ni Bàbá mi, kò sì sóhun tí wọ́n ń bẹ̀rù láyé yìí bí ọmọ tó fi ọwọ́ elépo kan àwo wọn. Àwo kún ìsàlẹ̀ àpótí náà bámúbámú: àpàlà, jùjú, sákárà, orin ìsìn, àti ti òyìnbó tí ẹnì kankan nínú wa ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, èmi àti Kúnlé àbúrò mi la máa ń fi òwú nu àwo wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, mo jẹ àkàrà tán, n kò fọwọ́, àtàǹpàkò mi sì jáde gedegbe lára àwo àpàlà kan. Bàbá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ sókè, títí ojú kìíní àwo náà á fi parí. Nígbà tó parí, wọ́n yí i sí ojú kejì. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ orin yẹn níbikíbi, orúnkún ló máa ń kọ́kọ́ dùn mí.

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá mi, ni wọ́n ni ìrọ̀lẹ́ nílé wa. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ̀kọ wọn tán, wọ́n á jókòó ní pálọ̀, Kúnlé á sì fi àwo sákárà kan báyìí sí i fún wọn. Àwo náà ti gbó débi pé ó máa ń há lójú ibì kan. Ìyá Àgbà ní kò há, pé ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mọ́ akọrin lẹ́nu.

Ní ọdún kan, òjò pa wọ́n bí wọ́n ṣe ń ti Ọjà'ba bọ̀, wọ́n yọ̀ ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Mápó, itan wọn sì kán. Bàbá kan tó ń to eegun ní Àrẹ̀mọ tọ́jú wọn fún oṣù mélòó kan. Lọ́jọ́ tí bàbá náà tú igi tó fi dì í, ó ní eegun ti so, ó ku kí wọ́n máa rìn.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa sùn kalẹ̀ o," ló sọ fún Bàbá mi. "Bí wọn ò bá lò ó, ẹsẹ̀ náà á gan, kò sì ní í gbọ́ràn mọ́."

Ìyá Àgbà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ tó ti já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún ní kí n gbára lé e?" Bàbá mi bẹ̀ wọ́n, Màmá mi bẹ̀ wọ́n, àlùfáà ìjọ wa wá gbàdúrà. Wọ́n ṣe àmín, wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Èmi Àṣàbí ló sọ ọ́ lọ́kàn mi pé ìyá mi yìí máa rìn. Mo wọ yàrá wọn, tó wà lẹ́yìn àgbàlá, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní àwo àwọn ni. Mo ní tí mo bá mú orin wá bá wọn lórí ibùsùn ńkọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bí orin bá lè rin ìrìn yẹn wá, èmi náà á dìde jókòó, n ó sì máa gbé ẹsẹ̀ yìí sókè sódò títí àwo á fi parí." Wọ́n rò pé eré ọmọdé ni.

Mo gba ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Láyí lọ ní Bẹẹrẹ, àbúrò Bàbá mi tó ń tún rédíò ṣe. Ojoojúmọ́ tí a bá ti jáde nílé ìwé ni mò ń débẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi fa orin dé yàrá Ìyá Àgbà. Mo gbá ṣọ́ọ̀bù wọn, mo pọnmi sí i, mo tún fi owó oúnjẹ mi ra dùndú fún wọn. Lọ́jọ́ kẹfà, wọ́n ju irin tí wọ́n fi ń jó wáyà sílẹ̀. "Àṣàbí, ṣé wọ́n rán ọ sí mi ni?" Ni wọ́n bá yọ sípíkà lára rédíò kan tó ti kú, wọ́n ká wáyà gígùn, ó di ilé wa. Bàbá mi gbà, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìka sókè: "Bí àwo mi kan bá fi lè bàjẹ́, kọ́kọ́rọ́ ni n ó fi ti ẹ̀rọ yìí."

Bọ̀dá Láyí fa wáyà náà láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ gba àgbàlá kọjá, sákárà sì dún nínú yàrá Ìyá Àgbà! Wọ́n wo sípíkà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "O rí i, ọmọ yìí, o ti kó bá mi." Wọ́n dìde jókòó.

Wàhálà tó kù ni pé orin ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn, àṣẹ wọn ò lè dé ọ̀dọ̀ orin. Èmi ni mò ń sáré láàárín yàrá àti pálọ̀ bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n: "Wọ́n ní kẹ́ ẹ yí i!" "Wọ́n ní kó lọ sókè!" Nígbà tó sú mi, mo wá okùn. Mo so ó mọ́ ibùsùn wọn, ó gba ojú fèrèsé, ó la àgbàlá kọjá, ó dé pálọ̀, mo sì so agolo mílíìkì tí mo kó òkúta sí mọ́ ọn. Bí agolo bá dún lẹ́ẹ̀kan, kí Kúnlé yí àwo sí ojú kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì, kó gbé ohùn sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta, kó pààrọ̀ àwo. Màmá mi rí i, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ ti ilé ìdáná, a bá wọn so agolo tòmátì. Bàbá mi tó ń halẹ̀ kọ́kọ́rọ́ náà ní kí a so ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àwọn, nítorí ìròyìn nìkan o. Ìròyìn wo? Jùjú ni wọ́n ń fà á fún.

Ìyá Àgbà ń gbé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò dìde dúró. "Àdéhùn wa ò dé ìdúró," ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí bàbá tó to eegun wọn padà wá, ó mi orí. Ó ní bí òun bá tún fi lè dé tí wọn ò tíì rìn, kí a má wulẹ̀ ránṣẹ́ sí òun mọ́. Ọkàn mi gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n n kò tú okùn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, òjò dá, Ìyá Risi, ayálégbé wa, fọ aṣọ. Ẹ sọ òótọ́ fún mi: ta ló máa rí okùn tó tẹ́ gbọọrọ láàárín àgbàlá n'Íbàdàn tí kò ní í sá aṣọ sí i? Agbádá ọkọ wọn tó tutù rinrin ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí okùn Ìyá Àgbà. Ni atẹ́gùn bá dé. Agolo ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀, Kúnlé, ọmọ tó ń gbọ́ràn, sì ń pààrọ̀ àwo. Sákárà ò tíì yanu tán, ó yọ ọ́. Orin ìsìn dé ìdajì àmín, ó di àpàlà. Àpàlà di òyìnbó. Ìyá Àgbà ń fa okùn níhìn-ín pé kó dá àwo àwọn padà, agbádá ò jẹ́ kí ó dé ọ̀hún.

Ata ni mò ń lọ tí mo fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún gbà. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, Ìyá Àgbà rèé, ìró láyà, wọ́n ń tọ́ ara ògiri bọ̀. Ògiri tán, wọn ò dúró. Wọ́n la àgbàlá já dé ìdí okùn, wọ́n di agbádá lọ́rùn mú bí olè.

"Ta ló sá aṣọ sí mi lẹ́nu?"

Ìyá Risi kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ má bínú, Ìyá. Okùn aṣọ ni mo pè é."

"Okùn aṣọ ìyẹn dà? Ẹnu mi lo gbé agbádá ọkọ rẹ lé!"

Kúnlé pariwo láti pálọ̀ pé, "Ìyá Àgbà, ṣé kí n tún yí i ni?"

Màmá mi dúró, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bàbá mi jáde ti àwọn ti ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Gbogbo wa ń wo ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà nílẹ̀. Ìyá Àgbà náà wolẹ̀, wọ́n sì rí ẹsẹ̀ ara wọn níbi tí ó dúró sí. Ojú wọn yí padà. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lè jókòó báyìí, ó tán.

Mo ní, "Ìyá, inú ọ̀rinrin ni Kúnlé ń kó àwo yín sí."

Irọ́ ni. Wọ́n pòṣé, wọ́n sì rìn wọ pálọ̀ lọ.

Lónìí, gbogbo àwo Bàbá mi ti wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní pálọ̀ mi. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, oníkálukú ló ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní yàrá, gbogbo rẹ̀ ló so mọ́ra láìsí okùn. Láti orí ibùsùn ni wọ́n ti ń pàṣẹ: èyí fi tirẹ̀ sí i, ìyẹn yọ ọ́, baba wọn ń gbé ohùn sókè láti balùwẹ̀. Ó dára, n kò ní í purọ́. Àwo ò há mọ́, kò sì sí aṣọ tó lè dí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu: ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mo máa ń pa ẹ̀rọ tó so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Màmi, kò gbọ́ mọ́!" Mo ní mo mọ̀, ẹni tó bá fẹ́ orin, kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án níbí. Láyé tiwa, ìkúnlẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ níyà. Láyé tiwọn, kí á dìde lórí ibùsùn ti tó ìyà. Wọ́n ní ìwà ìkà ni mò ń hù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n sún, kí n ráyè jókòó.