Aláriwo tí kò lè mú olè

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé, ṣùgbọ́n n kò rí aláriwo olódo kan tó dà bí antifurto, ẹ̀rọ adènà olè, tí àbúrò mi rà fún ọkọ̀ rẹ̀.

Torino ní Ítálì ni mò ń gbé nígbà náà, kí owó lírà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí ní Padova, ó wá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti padà sílé pátápátá. Ó ra ọkọ̀ àlòkù kan, ó kó irinṣẹ́ káfíńtà kún inú rẹ̀ dé òrùlé, torí òun ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Iléṣà. Ó wá dé sọ́dọ̀ mi, iwájú ilé mi ló gbé e sí, kó tó wà á lọ sí èbúté Genova.

Ó fi irin gbọọrọ kan ti ìdarí ọkọ̀ pa. Ó tún fi antifurto sí i, kó lè máa ké bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Bí tírámù bá kọjá, ẹrù á mì, á ké. Bí ológbò bá fò lé e, á ké. Àbúrò mi, ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́, kò fẹ́ yọ ará àdúgbò lẹ́nu. Á lọ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á tẹríba: «Ẹ má bínú, Màmá. Kì í ṣe olè o. Ẹ má dá a lóhùn.»

Mo ní, «Ìwọ yìí, o ra ajá tán, o tún ń bẹ aráyé kí wọ́n má gbọ́ gbígbó rẹ̀?»

Ó rẹ́rìn-ín. «Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kọ́ ilé ni.»

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ò bá ọkọ̀ mọ́. Irin náà nìkan ló wà nílẹ̀. Wọ́n ti fi ayùn gé e bí ìrèké. Màmá òyìnbó tó ń gbé lókè wa yọjú lójú fèrèsé.

«Ó ké, ó ké dáadáa,» ni wọ́n wí. «Ọkùnrin méjì juwọ́ sí mi, wọ́n ní scusi, pé kí n má bínú. Mo rò pé ìwọ lo rán wọn. Mo ní kò burú, mo ti fèrèsé mi.»

Àbúrò mi jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Lọ́jọ́ kejì a lọ bá ẹni tó ta antifurto náà.

«Ṣé ó ké?» ló bi wá.

«Ó ké.»

«Ó ṣiṣẹ́ nìyẹn.» Ó na òmíràn sí wa, ó ní èyí a máa ké jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rọra tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, bí mo ti í ṣe fún ọmọ kíláàsì: iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni pé kó ké, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ wà níbi tí a gbé e sí. Ó wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́ èdè wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àbúrò mi wọ rélùwéè lọ sí Padova, láti lọ bẹ ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí pé kó gba òun padà.