Abọ́ Sàráà tí Kafilat Dá Padà

Àṣìṣe tí Kafilat, aránṣọ, ṣe kò ju ẹyọ àgbàdo lọ: ó dá abọ́ sàráà padà lójú àwùjọ, níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ òkú ìyá ọkọ rẹ̀. Ní agbo ilé wọn l'Ẹ́dẹ, ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ sàráà a gbà á, a ṣe àmín, a gbé e lọ fún ẹlòmíràn. Kafilat mọ̀. Ṣùgbọ́n òórùn òróró tí wọ́n fi dín ẹran ti gba imú rẹ̀, ó rántí ẹsẹ̀ tó máa ń wú, ló bá gbàgbé ara rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí àìsàn náà ti ń dà á láàmú. Oríkèé a wú, ọwọ́ a kú, àárẹ̀ a mú un bí ẹni tó dá gbogbo oko tó wà ní Alájùé ro. Ní ọsibítù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n ya fọ́tò egungun. Wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà kan wá ní kó dín òróró, iyọ̀ àti ṣúgà kù, kó sì máa rìn láàárọ̀. Ó gbọ́, ó ṣe é. Wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó tún ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀.

Ṣé ará ilé wá dúpẹ́? Rárá o!

“Ìyàwó, ìrìn wo ni ìwọ ń rìn tí o ò rù, tí o ò sọ̀?” Sàdíátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. “Gbé garawa dání, ká lè sọ pé omi lò ń wá!”

Ọ̀ràn abọ́ ló wá dà á rú. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí, Sàdíátù gbé ìrẹsì àti ẹran díndín ka iwájú Kafilat.

“Bí kì í bá ṣe májèlé lo rò pé a fi sí i, jẹ ẹ́ níṣojú wa.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bẹ̀ yín nítorí abọ́. Ara mi ni kò gbà á.”

“Àìsàn wo ni dókítà ò mọ orúkọ rẹ̀? Ìmẹ́lẹ́ ni!”

“Ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ, ṣé a ò bí i ni?”

Ó yíjú sí Ìyàndá, ọkọ rẹ̀. “Bàbá Tawheed, ẹ̀yin lẹ máa ń gbé mi dìde. Ẹ sọ fún wọn.”

Ìyàndá tẹjú mọ́lẹ̀. “Jẹ díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán.”

Kí ọ̀rọ̀ tán! Ẹni tó mọ òótọ́, tó fi ẹnu jẹun, tí kò lè fi sọ̀rọ̀! Àṣìṣe ni dídá abọ́ padà; kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a fi oúnjẹ dán aláìsàn wò.

Kafilat kò jẹ ẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́, ó ṣe àmín, ó sì gbé e jáde fún ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí àṣà ti wí. Kò gbé ilé ọkọ mọ́; máṣíìnì rẹ̀ nìkan ló padà wá gbé.

Nígbà tí a gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, ó wà ní ìlú Ara, nílé Akóredé àbúrò rẹ̀. Ó ń ránṣọ níbẹ̀, ó sì ń rìn láàárọ̀, lọ́wọ́ òfo.